Mọ́nítọ̀ Nìkan Ló Kù

Bàbá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé bí Mọ́nítọ̀ ṣe wà lẹ ó kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ kí n tó máa ròyìn ara mi, nítorí náà ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀. Mọ́nítọ̀ ń bẹ láàyè. Àwọn ẹja mẹ́fà yòókù inú àpótí dígí yín ti kú tán, àfọwọ́fà mi sì ni. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí lẹ́tà yìí ti wà lọ́kàn mi tí n kò lè kọ ọ́, torí n kò mọ bí n ó ṣe sọ ọ́ fún yín. Lónìí tí mo ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, tí ilé pa rọ́rọ́, mo mú bírò, mo jókòó sórí àga yín nídìí fèrèsé, mo ní kí n kúkú jẹ́wọ́.

Inú ilé yín ni mo ń gbé báyìí. Nígbà tí a sin yín tán tí kálukú padà sí àyè rẹ̀, Bùọ̀dá Délé ní ká fún àwọn ará àdúgbò lẹ́ja, ká ti ilé pa. N kò gbà fún un. Mo kó ẹrù mi kúrò ní yàrá tí mo háyà ní Ìjerò, mo wá sí Àrámọ̀kọ. Láràárọ̀ ni mo ń wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì, tí mo sì ń padà kí oòrùn tó wọ̀. Àwọn èèyàn rò pé ilé ni mo wá ṣọ́. Ẹ̀yin mọ̀ pé kì í ṣe ilé. Mọ́nítọ̀ ni mo wá bá gbé, ẹja pupa ńlá yẹn tí ẹ sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé òun ló máa ń ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá síwájú dígí bíi mọ́nítọ̀ kíláàsì. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ fi bọ́ ọ. Láti ìgbà tí Màmá ti lọ, òun ló ń rí yín lójoojúmọ́. Èmi ọmọ yín, ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì ni, bí mo bá sì gbìyànjú.

Bàbá, ilé yìí tóbi fún ẹnì kan. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí ẹ wà níbẹ̀. Mo ṣì máa ń se iṣu tó pọ̀ ju èyí tí n ó jẹ lọ. Mo máa ń tan rédíò sílẹ̀ kí n tó jáde, kí n má baà wọlé bá ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é lẹ́yìn tí Màmá kú? Ẹ ò sọ ọ́ rí, èmi náà kò sì bi yín.

Ohun tí mo máa ń rántí jù ni agogo mẹ́rin ọ̀sán. Ẹ ó ti jí lójú oorun, ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ sàlúbàtà aláwọ yẹn, ẹ ó máa bọ̀ láti yàrá. Ẹsẹ̀ òsì yín tí alùpùpù ṣẹ́ nígbà tí ẹ ṣì jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé ní Ẹ̀fọ̀n, ó máa ń wọ́ lẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ṣàà, ṣàà. Ẹ kò tíì dé pálọ̀ tí gbogbo ẹja á ti tò síwájú dígí. Ẹ ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fọ́n oúnjẹ fún wọn ní díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa pe orúkọ wọn bí ẹni ń pe rẹ́jísítà. Ulé-ùwé lẹ máa ń pe àpótí náà. Mo máa ń bínú pé ẹ máa ń kí ẹja kí ẹ tó kí mi. Àwàdà lẹ pè é, ṣùgbọ́n ó ká mi lára díẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe pa wọ́n.

Ẹ rántí Bàbá Ìpótì, ọ̀rẹ́ yín tó ní adágún ẹja. Wọn kò sí nílé nígbà ìsìnkú, ọmọ wọn ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àbújá láti tọ́jú ojú wọn. Nígbà tí wọ́n padà dé ni wọ́n tó gbọ́. Wọ́n wá kí mi kú ọ̀fọ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan. Wọn kò gbé iṣu wá, wọn kò gbé búrẹ́dì wá. Epìyà kékeré méjì ni wọ́n gbé wá nínú ike ọ̀dà tí omi wà nínú rẹ̀, láàyè, kí wọ́n lè bá àwọn ẹja ọ̀rẹ́ wọn ṣeré. Wọ́n gbé ike náà lé orí itan wọn, wọ́n sunkún.

Mo mọ òfin yín, Bàbá. Kò sí ẹja àlejò tó gbọdọ̀ wọ inú dígí lọ́jọ́ tó dé. Ẹ̀yìn kíṣìnnì ni yóò wà, nínú bàsíà aláwọ̀ ewé, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, títí ẹ ó fi rí i pé kò gbé àrùn kankan wá. Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ṣùgbọ́n a kì í kọ ohun tí ẹni tó wá kí ni kú ọ̀fọ̀ bá gbé wá, a kì í sì í gbé e lọ sẹ́yìn ilé lójú ẹni náà bí ẹni pé ó rùn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀. Ojú tì mí láti sọ fún àgbàlagbà tó ń sunkún pé ẹja rẹ̀ lè lárùn. Mo dúpẹ́, mo kúnlẹ̀, mo da epìyà méjèèjì sínú dígí níṣojú wọn. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n súre fún mi, inú mi dùn pé mo ṣe bí ọmọ tí ẹ tọ́.

Nígbà tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti orí òkè, tí omi inú dígí tutù bí omi odò, mo rí i. Bí ẹni pé ẹnì kan fọ́n iyọ̀ sí ìrù ẹja kan ni, hóró funfun tín-tìn-tín. Ní ọjọ́ kejì ó ti dé ara méjì mìíràn. Wọ́n ń fi ìhà ha òkúta ìsàlẹ̀ bí ẹni tí ara ń yún. Mo ti rí àrùn yẹn rí nígbà tí mo wà ní ilé ìwé gíga, ẹ fi hàn mí nínú bàsíà ẹ̀yìn kíṣìnnì. Kòkòrò ni, tó ń wọ abẹ́ awọ ẹja, tó ń jẹ ẹ́ bí àfòmọ́ ṣe ń jẹ igi kòkó.

Mo wá ìwé yín. Abẹ́ ìwé orin ni mo ti rí i, ìwé eléèpo búlúù tí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì kọ gbogbo ọ̀rọ̀ ẹja sí. Mo ṣí ojú ìwé tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ àrùn náà sí. Ohun tí ojú ìwé náà sọ ni mo ṣe. Mo yọ ìdá kan nínú mẹ́ta omi náà kúrò, mo fi rọ́bà fa ìdọ̀tí ìsàlẹ̀. Mo fi omi kànga tó ti sun inú àgbá mọ́jú dípò rẹ̀. Mo wọn iyọ̀ oníhóró, ṣíbí ìjẹun kan sí gálọ́ọ̀nù omi kan, mo yọ́ ọ lọ́tọ̀, mo pín in sí ọjọ́ méjì kó má baà já lù wọ́n. Nítorí òtútù, mo ń rọ omi gbígbóná sínú ìgò, mo ń dé e pa, mo ń fi ìgò náà léfòó nínú dígí kí omi lè lọ́wọ́ọ́wọ́. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe é. Mo ń sọ̀rọ̀ fún wọn bí mo ṣe ń ṣe é. N kò tíì sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí láti ọjọ́ tí mo dé.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ara wọn mọ́. Kò sí hóró funfun kan mọ́, ìrù wọn ń dán. Mo pàtẹ́wọ́ níwájú dígí bí ọmọdé. Mo rò pé ẹ rí mi. Mo pààrọ̀ omi náà kí iyọ̀ lè jáde, mo kó àwọn ìgò kúrò, mo sì lọ sí Ìjerò lọ́jọ́ Ẹtì láti lo òpin ọ̀sẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn, Bàbá. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, àbí?

Nígbà tí mo dé ní Mọ́ńdè, mẹ́ta ti ń léfòó. Funfun bo àwọn tó kù bí ẹni pé wọ́n yí wọn mọ́ èlùbọ́. Wọ́n ń mí gúlegúle lójú omi.

Ìgbà yẹn ni mo tó ṣí ojú ìwé kejì. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà, ẹ fà á nídìí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní bí funfun náà bá lọ, kí a má ṣe dá ọwọ́ dúró, torí pé kòkòrò náà kò kú, ìsàlẹ̀ omi ló jábọ́ sí láti lọ bímọ. Ẹ ní iyọ̀ kò lè ràn án nígbà tó wà lábẹ́ awọ, ìgbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá jáde wá ń wá ara ẹja kiri ni ọwọ́ iyọ̀ máa ń tó wọn. Nítorí náà, kí a tún fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i lẹ́yìn tí ara ẹja ti mọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe fi jẹun nìyí. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ pé kí wọ́n lo oògùn ibà tán bí ara ọmọ tilẹ̀ ti tutù. Mo lè sọ ọ́ lójú oorun. Mo dé ilé, mo ṣe òdìkejì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí mo fẹ́ bi yín, ẹ má bínú. Ìgbà tí mo ń wá ìwé yín kiri, mo ṣí dúrọ́ọ̀ ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Mo rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín níbẹ̀, èyí tí mo ń rà fún yín lóṣooṣù láti Ìjerò. Páálí mẹ́rin ni ẹ kò tíì já rárá. Mo jókòó sórí ilẹ̀. Mo rántí ọjọ́ Àìkú tí mo rí yín kẹ́yìn, bí ẹ ṣe ní ara yín ti fúyẹ́, bí ẹ ṣe rìn dé ẹnu géètì láti fi hàn mí. Inú mi dùn, mo fò sórí ọ̀kadà, n kò tilẹ̀ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ náà. Ní Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n pè mí.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ ìwé yìí. Ẹ fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì nítorí ẹja. Kí ló dé tí ẹ kò ka ti ara yín mọ́ ọn? Ẹ fi ètè sílẹ̀, ẹ ń pa làpálàpá. Inú bí mi sí yín lọ́jọ́ yẹn, mo sọ ọ́ sókè nínú yàrá yín pẹ̀lú páálí oògùn lọ́wọ́, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá sunkún, nítorí pé bí ẹ kò bá lò ó, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì ńkọ́? Ta ló yẹ kó ṣí dúrọ́ọ̀ yẹn nígbà tí ẹ wà láàyè?

Mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Iyọ̀, ìgò omi gbígbóná, rọ́bà láràárọ̀ láti fa ìsàlẹ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Ó ti pẹ́ jù fún èyí tó pọ̀ jù. Epìyà méjèèjì kú ní ọjọ́ kan náà. Àwọn mẹ́ta tó kù yàtọ̀ sí Mọ́nítọ̀ tẹ̀ lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ni mo sin sábẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìn ilé. Bùọ̀dá Délé pè, mo sọ fún wọn, wọ́n ní kí n dáríjì ara mi, kí n padà sí Ìjerò sáàárín èèyàn bí ìkẹyìn náà bá ti lọ. Wọn kò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí ìkẹyìn náà bá lọ, kò ní sí ohun kan nínú ilé yìí mọ́ tó mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ jí lójú oorun.

Mọ́nítọ̀ sá pamọ́ sẹ́yìn àpáàdì tí ẹ fi ṣe ihò fún un. Ọjọ́ mẹ́fà ni kò fi jẹun. Mo fọ́n oúnjẹ, mo fi ìka kan dígí, mo pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Mo kàn ń rí ìrù rẹ̀. Funfun ti ń kúrò lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jọ pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Mo mọ irú rírẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú aláìsàn.

Ní ọjọ́ keje, Sátidé ni, mo ń pààrọ̀ omi lọ́sàn-án. Rọ́bà yọ lọ́wọ́ mi, omi dà sí gbogbo ilẹ̀ pálọ̀, ọyẹ́ sì ń mú, sìmẹ́ǹtì tutù débi pé ẹsẹ̀ ń dùn mí. Mo wọ yàrá yín láti wá ohun tí n ó wọ̀. Sàlúbàtà yín ló wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí ẹ bọ́ ọ sí. N kò tíì fọwọ́ kàn án láti ọjọ́ náà. Mo wọ̀ ọ́. Ó tóbi fún mi, pàápàá ti òsì tí ẹsẹ̀ yín ti fẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, torí náà mo ní láti máa wọ́ ọ kó má baà bọ́. Mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bọ̀ ní ọ̀nà yàrá, ṣàà, ṣàà, mo gbé garawa dání.

Nígbà tí mo dé pálọ̀, Mọ́nítọ̀ wà níwájú dígí.

Ó dúró síbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà yàrá yín, ẹnu rẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé. Mo gbé garawa sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá fọ́n oúnjẹ bí ẹ ṣe máa ń fọ́n ọn, ó sì jẹ ẹ́. Bàbá, ó jẹ ẹ́ tán. Mo dúró nínú omi tó dà sílẹ̀ yẹn, mo sunkún bí n kò ṣe sunkún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ọ̀sẹ̀ méjì tó yẹ kí n fi sí i lẹ́yìn tí ara rẹ̀ mọ́ pé ní Ọjọ́rú tó kọjá, n kò jẹ́ kó dín ọjọ́ kan. N kò padà lo òpin ọ̀sẹ̀ ní Ìjerò mọ́. Bàbá Ìpótì tún wá lánàá. Wọ́n ti gbọ́ pé Mọ́nítọ̀ dá wà, wọ́n gbé epìyà kan wá nínú ike ọ̀dà ọjọ́sí. Mo kó ìtìjú mi tà, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo ní ẹ̀yìn kíṣìnnì ni ẹja yìí máa kọ́kọ́ sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò lè wo ojú wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí. Ó jọ pé gbogbo ẹja tí wọ́n ti gbé wá fún yín rí, ẹ̀yìn kíṣìnnì lẹ kọ́kọ́ ń gbé e lọ níṣojú wọn, ẹ ó sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò kó tó wọ kíláàsì. Wọ́n ti rò pé mo gbàgbé ni lọ́jọ́sí, ojú tì wọ́n láti rán ọlọ́fọ̀ létí. Àwa méjèèjì ń tijú ara wa, ẹja yín mẹ́fà kú sí i. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín.

Epìyà náà wà nínú bàsíà aláwọ̀ ewé. Mo ti wò ó láàárọ̀ yìí, ara rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n n kò gba ara mímọ́ gbọ́ mọ́. Oògùn yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, n kò mọ ohun tí n ó fi ṣe. Ẹ bá mi kí Màmá. Ẹ sọ fún wọn pé mo ń jẹun.

Agogo mẹ́rin ti fẹ́ lù, n ó dá ọwọ́ dúró níbí. Ojoojúmọ́ tí mo bá wà nílé lásìkò yìí, mo máa ń wọ yàrá yín, mo máa ń wọ sàlúbàtà yín, mo máa ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì bọ̀. Mọ́nítọ̀ á ti dúró síwájú dígí dè yín. Gbogbo ìlú ló ti gbọ́ pé ẹ ti lọ. Òun nìkan ni n kò tíì lè sọ fún.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó yẹ kó ti wọn ẹ̀jẹ̀ yín lọ́jọ́ Àìkú yẹn.